Bí mo ṣe ń kọ ìtàn agboolé onílù ní Ìlọrin

Agboolé ni ọ̀pọ̀ onílù Ìlọrin ti kọ́ṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ orin tiwọn nìyẹn, àmọ́ kò ní rẹ́gísítà, bí o bá sì fẹ́ ìtàn rẹ̀, ìwọ lo máa bẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́nu àgbà.

Má lọ láàárọ̀. Ẹni tó lùlù mọ́jú níbi ìgbéyàwó ṣì ń sùn. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ló dáa. Kí baálé ilé dáadáa, má sì kánjú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lè má ju ìkíni lọ.

Mo bi bàbá kan pé, "Bàbá, ọdún wo lẹ bẹ̀rẹ̀ ìlù?" Wọ́n wò mí títí. "Ṣé èmi ni kàlẹ́ńdà?" Láti ìgbà náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo ń béèrè. Ṣé ọwọ́ òsì ni mọ́tò ṣì ń gbà? Kò tíì di 1972 nìyẹn. Ṣé ṣílè ni wọ́n fi ń ná yín lówó, àbí náírà? 1973 ni náírà dé. Ìgbà Ọba Sulu Gambari kò ràn mí lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀: 1959 sí 1992, ó gùn jù.

Lẹ́yìn náà, ní kí wọ́n gbé ìyáàlù tó pẹ́ jù wá. Awọ ojú rẹ̀ lè jẹ́ ti ọdún tó kọjá, ọṣán náà lè jẹ́ tuntun. Igi inú ni àgbà. Ta ló gbẹ́ ẹ? Ọwọ́ ta ni wọ́n ti gbà á? Orúkọ mẹ́rin ni ìlù kan ṣoṣo fún mi lọ́jọ́ kan. Béèrè oríkì mọ́ orúkọ o, torí Àlíyù mẹ́ta lè wà nínú agboolé kan.

Omele ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé fún ọmọdé. Nítorí náà, bi wọ́n pé ta ló wà lórí ìyáàlù nígbà tí àwọn wà lórí omele. Ẹni yẹn gan-an ló kọ́ wọn, bí wọn ò tilẹ̀ pè é ní olùkọ́.

Gbé fóònù jìnnà díẹ̀ sí ìyáàlù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣaworo á bo gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ìlù bá sì sọ̀rọ̀, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fẹnu pè é lójú ẹsẹ̀. Èmi ní n ó padà wá lọ́jọ́ Àlàmísì. Kí n tó dé, bàbá ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Kàdúná. Ìlù ìṣẹ́jú méjì kan ṣì wà nínú fóònù mi tí n kò mọ ohun tó ń wí.