Olùkọ́ ni Mo Kọ́kọ́ Wá: Bí Mo Ṣe Rí Àyè Ph.D. ní Amẹ́ríkà

Láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹfà ọdún 2022, mo kọ ímeèlì sí ọ̀jọ̀gbọ́n mọ́kànlélógójì ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Jámánì. Ẹni méjì péré ló dá mi lóhùn. Ọ̀kan ní òun kò gba akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, èkejì ní kí n lọ ka ohun tó wà lójú òpó yunifásítì àwọn. Mo ti gba mástà ní 2021, lórí àrùn ẹ̀gẹ́, máàkì mi dára, mo sì ti sin ìlú tán. Kò yé mi ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wà ní láàbù nígbà kan, tó ti ń ṣe Ph.D. tirẹ̀ lọ́hùn-ún, ló ní kí n fi ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí òun. Ó kà á tán, ó pè mí lórí WhatsApp.

"Àbúrò mi, ta lo kọ lẹ́tà yìí sí?"

Mo dárúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà.

"Yọ orúkọ ẹ̀ kúrò, kó o fi ti ẹlòmíràn síbẹ̀. Ṣé nǹkan kan yí padà nínú lẹ́tà yẹn?"

Kò sí ohun tó yí padà. Mo dákẹ́ lórí fóònù.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ka ara mi sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè. Olùkọ́ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wá, kó tó máa wo orúkọ yunifásítì. Ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni oyè ọ̀mọ̀wé máa ń gbà ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan ṣoṣo yìí ni wàá sì máa gbé iṣẹ́ rẹ wá bá. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó ìwádìí tirẹ̀ ni wọ́n á ti máa sanwó oṣù rẹ.

Mo ti wo ibòmíràn kí n tó gbájú mọ́ Amẹ́ríkà. Ní Jámánì, bí ìgbà tí wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣe máa ń gba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Ph.D.: àyè á ṣí, wọ́n á kéde rẹ̀, o máa ń gbọ́dọ̀ ti ní mástà. Àyè tó bá ohun tí mo kọ́ mu kò yọ lọ́dún yẹn. Ní Ìlú Ọba, láti 2021 ni owó ìjọba tó ń gba ọwọ́ UKRI, àjọ tó ń pín owó ìwádìí níbẹ̀, wá ti ṣí sílẹ̀ fún àwa tá a ti ilẹ̀ òkèèrè wá, àmọ́ àwa àlejò ò gbọ́dọ̀ ju 30 lọ nínú 100. Ní Amẹ́ríkà ní tiwọn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ló máa ń yọ owó ilé ìwé kúrò lọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́ Ph.D., tí wọ́n á tún máa san owó oṣù fún un, kí òun náà sì máa fi wákàtí 20 lọ́sẹ̀ kọ́ni tàbí kó ṣiṣẹ́ láàbù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ò mọ̀ ni pé ẹni tó ní dìgírì àkọ́kọ́ nìkan lè wọ Ph.D. níbẹ̀ tààrà.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún bàbá mi ní oko rẹ̀ ní Fìdítì, ó gbé àdá sílẹ̀.

"Ìwọ ni wọ́n máa sanwó fún kó o lè kàwé? Àbí mi ò gbọ́ ẹ dáadáa?"

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa, Bàbá. Iṣẹ́ ni wọ́n máa fún mi ṣe."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ kó owó fún ejẹ́ńtì kankan."

Mi ò kó o fún wọn. Kò sí ohun tí ejẹ́ńtì fẹ́ bá mi ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí tí mi ò lè fọwọ́ ara mi ṣe.

Mo ya ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú oṣù keje. Mo wá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí fáírọ́ọ̀sì irè oko lórí Google Scholar, mo mú orúkọ mọ́kànlá, mo sì ka iṣẹ́ méjì méjì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde. Nínú wọn ni mo ti rí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń wo bí kòkòrò ṣe ń gbé fáírọ́ọ̀sì láti ara tòmátì kan dé òmíràn. Tòmátì ni tirẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni tèmi, àmọ́ kòkòrò kan náà ló ń da àwa méjèèjì láàmú, Bemisia tabaci, kòkòrò funfun tín-ín-tín tó máa ń tú sókè bí eérú téèyàn bá gbọn ewé ẹ̀gẹ́ láàárọ̀.

Lẹ́tà tí mo kọ sí i kò ju ìlà mẹ́tàlá lọ. Mi ò sọ pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo sọ nìyí, bí mo bá tú u sí Yorùbá: "Lóko bàbá mi, ọ̀nà méjì ni àrùn tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò ń gbà wọlé. Kòkòrò ń gbé e wá. Àwa náà ń gbé e wá, torí pé igi ẹ̀gẹ́ tí aládùúgbò fún wa là ń gé gbìn. Nínú iṣẹ́ yín, kòkòrò nìkan lẹ kà. Báwo ni ìṣirò yín ṣe máa rí bó bá jẹ́ pé àgbẹ̀ náà ń gbé àrùn kiri?" Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi ìlà méjì sọ ohun tí mo ṣe nínú mástà mi, mo béèrè bóyá ó máa gba akẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù kẹjọ 2023, mo sì so CV mi mọ́ ọn.

Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo fi ránṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́rú, ó ti dáhùn: ṣé a lè jọ sọ̀rọ̀ lórí Zoom lọ́jọ́ Ẹtì? Nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta la fi sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ igi ẹ̀gẹ́ ló sì gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Nínú àwọn mọ́kànlá náà, márùn-ún ló dá mi lóhùn, àwọn mẹ́ta sì ní kí n kọ̀wé béèrè àyè. Yunifásítì mẹ́rin ni mo wá kọ̀wé sí, nítorí ó wù mí kí n fi ọ̀kan kún un.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí mẹ́ta ni wọ́n fẹ́, lọ́wọ́ àwọn tó ti kọ́ mi. Àkókò ìyanṣẹ́lódì ASUU la wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 14 oṣù kejì 2022 tí kò sì dáwọ́ dúró títí di 14 oṣù kẹwàá. Àwọn olùkọ́ wa ò gba owó oṣù. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó fẹ́ di ẹrù lé ẹni tí ọrùn ń ro. Mo bá ìyáàfin tó darí iṣẹ́ mástà mi nílé wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé fáìlì kan kalẹ̀: CV mi, orúkọ yunifásítì mẹ́rin pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n máa ti ọ̀kọ̀ọ̀kan pa, àti ìdajì ojú ewé tí mo fi rán wọn létí ohun tí mo ṣe lábẹ́ wọn, títí kan ọ̀sẹ̀ tí fíríìjì láàbù kú tí a tún gbogbo àyẹ̀wò ṣe.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. "Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ ti í pa?"

"Ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ni ti àkọ́kọ́, mà."

"Oṣù mẹ́ta. O ṣeun. Ká ní ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ti í pa ni, mi ò bá ti dá ẹ padà."

Olùkọ́ mi kejì ní kí n lọ kọ lẹ́tà náà wá kí àwọn fọwọ́ sí i. Ó pọ̀ nílé wa bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ kókó ohun tí mo ṣe nìkan, kí ọ̀rọ̀ jẹ́ tiwọn, torí ẹni tó bá ka lẹ́tà mẹ́ta tọ́wọ́ kan náà kọ máa mọ̀. Wọ́n gbà. Ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì náà sì ní àwọn ò fẹ́ lẹ́tà tó bá ti orí Gmail tàbí Yahoo wá, nítorí náà ẹ tètè bi àwọn olùkọ́ yín bóyá ímeèlì ilé ìwé wọn ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ti transcript, ìwé tó kó gbogbo máàkì mi jọ, ni ojú mi ti rí màbo. Mo sanwó, mo kọ fọ́ọ̀mù, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, wọ́n ní ẹni tó ń fọwọ́ sí i ò sí níjokòó. Ìgbà kejì, wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì mi. Ìgbà kẹta, bàbá àgbà kan tó jókòó síbi fèrèsé gbé lẹ́jà ńlá kan sílẹ̀, ó tutọ́ sí ìka, ó ń ṣí i ní ìkọ̀ọ̀kan. Ó dé orí orúkọ mi, ó dúró. "Ọmọ mi, wo nọ́ḿbà yìí. Ṣé tìẹ nìyí?" Nọ́ḿbà mátíríìkì mi ni, ṣùgbọ́n 6 ti di 0. Ibẹ̀ ni fáìlì mi gbà sọnù. Bàbá náà fi bíròó pupa tún un kọ, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìwé náà sì jáde. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti tán ni mo mọ̀ pé mẹ́ta nínú yunifásítì mẹ́rin náà kò béèrè ju ẹ̀dà tí mo bá fọwọ́ ara mi gbé sókè lọ kí wọ́n tó gbà mí. Lẹ́yìn ìgbaniwọlé ni wọ́n máa ń fẹ́ èyí tí ilé ìwé bá fi ránṣẹ́. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó máa sáré.

Ìwé àlàyé ète, èyí tí gbogbo wa ń pè ní SOP, ìgbà mẹ́sàn-án ni mo tún un kọ. Èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí: láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀gbọ́n mi pa ìlà náà rẹ́. Èyí tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ láti orí ebè kan lóko bàbá mi, níbi tí igi ẹ̀gẹ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ti rí bákan náà lọ́jọ́ tí a gbìn wọ́n, tó sì jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló ta gbòǹgbò tó ṣeé hú. Láti ibẹ̀ ni mo ti dé orí ìbéèrè tí mo fẹ́ wádìí, àti ìdí tó fi jẹ́ láàbù yẹn ni mo fẹ́ wà.

Owó fọ́ọ̀mù wà láàárín 60 àti 100 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún yẹn, àwọn báńkì ti dín iye tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù. Mo kọ̀wé sí ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi owó náà jì mí, méjì fi í jì mí. Ẹ̀gbọ́n mi fi káàdì tirẹ̀ san méjì yòókù. Gbogbo wọn ló ti pa GRE, ìdánwò tí wọ́n máa ń béèrè tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé, tì, wọn ò sì béèrè ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ mi nígbà tí ilé ìwé mi kọ lẹ́tà pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n onítòmátì ló gbà mí, nínú oṣù kejì 2023. Yunifásítì mìíràn náà gbà mí, wọ́n sì ń fẹ́ kí n dáhùn kíákíá. Ẹ̀rù bà mí kí n tó mọ̀ pé àdéhùn kan wà láàárín ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà tó fún akẹ́kọ̀ọ́ láyè títí di 15 oṣù kẹrin láti ronú lórí owó tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́. Mo lo àyè náà láti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo wọn: nígbà tí iṣẹ́ yín bà jẹ́, kí ni ó sọ fún yín?

Lẹ́yìn tí wọ́n fi I-20 ránṣẹ́, ìwé tí yunifásítì fi ń jẹ́rìí pé àwọn ti gbà mí, mo san 350 dọ́là ti SEVIS, ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọpa akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè, àti 160 dọ́là físà. Ní 17 oṣù kẹfà, ti físà di 185, mo sì dúpẹ́ pé mo ti san tèmi nínú oṣù karùn-ún. Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ti kọjá ìgbà tí ilé ìwé máa wọlé. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo sì kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fà á súnmọ́, wọ́n sì fà á di oṣù keje. Ọ́fíìsì Amẹ́ríkà tó wà ní Walter Carrington Crescent, ní Victoria Island, l'Ékòó, ni mo lọ, òpópónà tí wọ́n fi orúkọ aṣojú Amẹ́ríkà tó wà ní Nàìjíríà láti 1993 sí 1997 pè. Ẹni tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò béèrè ta ló ń sanwó, ó sì béèrè ohun tí mo fẹ́ kọ́. Mo ṣàlàyé ẹ̀gẹ́ àti kòkòrò funfun fún un bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá mi. Ó gba páàsípọ́ọ̀tù mi sílẹ̀ kí wọ́n lè lẹ físà mọ́ ọn.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Owó oṣù àkọ́kọ́ kì í dúró dè ọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú. Àárín oṣù kẹjọ ni mo dé, ìparí oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó sanwó fún mi, onílé sì ti fẹ́ owó ilé oṣù kan àti owó ìdógò kí n tó gba kọ́kọ́rọ́. Màmá mi ló yá owó tíkẹ́ẹ̀tì àti ti ilé yẹn nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn ní Fìdítì, àwọn ìyá méjì ló sì ṣe onídùúró fún wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fi ránṣẹ́ sílé. Oṣù kìíní 2024 ni a san èyí tó gbẹ̀yìn, Màmá sì ní kí n pe àwọn ìyá méjèèjì lórí fóònù, kí n fi ẹnu ara mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo pè wọ́n.