Ẹ̀yin tí ẹ ń darí eré, ẹ má tú ìwé òfin nígbà tí ìjà bá gbóná

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Kubwa. Ẹnikẹ́ni ò bi mí o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí a tó pàdé ní Sátidé. Nígbà tí mo darí Dungeons & Dragons lóṣù tó kọjá, ìyẹn eré tí a ń fi ẹnu sọ bí ìtàn, tí oníkálukú ní akọni tirẹ̀, tí a sì ń ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ohun tí akọni fẹ́ ṣe yọrí, ẹnìkan ní òun fẹ́ fi okùn kànga de ẹsẹ̀ ràkúnmí ọlọ́ṣà. Ni mo bá ń tú ìwé òfin eré náà. Kí n tó rí ojú ewé náà, àwọn kan ti ń tẹ fóònù, ẹnìkan ti lọ ra súyà, iná sì ti lọ.

Báyìí, tí mi ò bá rántí òfin, mo máa ń fúnra mi dá nọ́ńbà tí ẹni tó ju dáìsì gbọ́dọ̀ dé kí ohun tó fẹ́ ṣe tó yọrí. Nínú Dungeons & Dragons, 10 ni ohun tó rọrùn, 15 ni èyí tó le díẹ̀, 20 ni èyí tó le gan-an. Ẹ pe nọ́ńbà yẹn síta kí wọ́n tó ju dáìsì, torí ìkọ̀kọ̀ ni ojúsàájú ti ń wọlé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, òun náà la ó lò.

Àmọ́ tó bá di pé akọni ẹnìkan fẹ́ kú, ẹ ṣí ìwé, kódà kí súyà tutù.