Bẹ́ ẹ ṣe máa gbé nọ́ńbà pílà ilẹ̀ sórí máàpù nínú R, kó sì bọ́ síbi tó yẹ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi R, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, ṣe máàpù, nǹkan méjì kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ pátápátá. Èkíní ni kẹ́ ẹ sọ fún R irú nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ yín. Èkejì ni kẹ́ ẹ yí nọ́ńbà yẹn padà sí irú mìíràn. Èkíní ò fọwọ́ kan nọ́ńbà rárá o, orúkọ lásán ló fún un, èkejì ló ń ṣe ìṣirò. Tẹ́ ẹ bá wá lo èkíní níbi tó yẹ kẹ́ ẹ ti lo èkejì, máàpù máa jáde, ó máa dára lójú, àmọ́ irọ́ ló máa pa fún yín.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé sọ́fè ilẹ̀ kan n'Íbàdàn. Pílà mẹ́rin, ìyẹn òpó ààlà, ló ní, E ti àkọ́kọ́ (ìwọ̀n ọ̀nà ìlà-oòrùn) jẹ́ 599310.42, N ẹ̀ (ìwọ̀n ọ̀nà àríwá) jẹ́ 818120.15. Mítà nìyẹn, kì í ṣe dìgírì. Tẹ́ ẹ bá wo ara ìwé náà dáadáa ẹ máa rí i pé wọ́n kọ UTM Zone 31 síbẹ̀. UTM ni ètò tó pín ayé sí zone, tó sì ń fi mítà sọ ibi tí nǹkan wà. Zone 31 bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé dìgírì 6 ní ìlà-oòrùn, Èkó wà níbẹ̀, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, títí kan Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n Abuja ti bọ́ sí Zone 32.

Zone nìkan ò tó o. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ datum ẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Èyí tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà látijọ́, tó sì ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ìwé sọ́fè, ni Minna, tó dúró lórí Clarke 1880, ìyẹn ìṣirò kan nípa bí ayé ṣe rí àti bó ṣe tóbi tó. GPS inú fóònù yín ní tiẹ̀, WGS84 ló ń lò. Lápá ọ̀dọ̀ wa, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì máa ń tó nǹkan bí 100 mítà, ẹ sì mọ̀ pé láàárín ìlú, 100 mítà ti gbé yín dé ilẹ̀ onílẹ̀.

Gbogbo irú wọ̀nyí ló ní nọ́ńbà EPSG tiẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí R fi ń mọ̀ ọ́n. Minna UTM Zone 31 ni 26331, WGS84 UTM Zone 31 ni 32631, dìgírì WGS84 sì ni 4326. Ẹ wo 26331 àti 32631 lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n jọra lójú gan-an, R ò sì ní sọ nǹkan kan tẹ́ ẹ bá mú èyí tí kì í ṣe tiyín.

Ó yá, ẹ tẹ èyí (sf ni àkójọ irinṣẹ́ máàpù nínú R):

library(sf)
pila <- data.frame(
  E = c(599310.42, 599328.40, 599326.10, 599308.12),
  N = c(818120.15, 818121.60, 818157.50, 818156.05))
pila_sf <- st_as_sf(pila, coords = c("E", "N"), crs = 26331)

A ti sọ irú tó jẹ́ nìyẹn. Ó wá kan yíyí padà:

gps <- st_transform(pila_sf, 4326)

Ó tán. Ohun tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe láéláé ni st_crs(pila_sf) <- 4326, torí ẹ kàn pààrọ̀ orúkọ ni, nọ́ńbà 599310 ṣì wà níbẹ̀, R á wá máa kà á sí dìgírì, nígbà tó jẹ́ pé dìgírì ò kọjá 180. Ó máa kìlọ̀ fún yín, ó máa ní kẹ́ ẹ lo st_transform, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú fo ìkìlọ̀ yẹn.

Kẹ́ ẹ tó yí i padà, ẹ wọn ilẹ̀ náà:

ile <- st_cast(st_combine(pila_sf), "POLYGON")
st_area(ile)

Ó máa fún yín ní nǹkan bíi 649 mítà onígun mẹ́rin, ẹ fi wé èyí tí wọ́n kọ sórí ìwé sọ́fè. Tí wọ́n bá jìnnà síra, ẹ ti ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀ nìyẹn, tàbí pílà ò tẹ̀ léra bó ṣe yẹ.

Fáìlì tí ẹlòmíì fún yín ló máa ń le jù. Ẹ ṣí shapefile, ìyẹn irú fáìlì máàpù kan, ẹ tẹ st_crs láti mọ irú nọ́ńbà ẹ̀, ó ní NA, ìyẹn ni pé kò mọ̀ ọ́n, torí ẹni tó fi ránṣẹ́ yọ .prj, fáìlì kékeré tó ń sọ irú nọ́ńbà, kúrò lára ẹ̀. Ẹ má kàn dábàá o, nọ́ńbà yẹn gan-an ló máa sọ fún yín. Tó bá jẹ́ 3.9 àti 7.4, dìgírì ni. Tí ti Ìbàdàn bá wà lápá 599000 àti 818000, UTM ni. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bíi 164000 àti 376000 fún Ìbàdàn kan náà, Nigeria West Belt nìyẹn, ètò ìwọ̀n àtijọ́ fún apá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, EPSG ẹ̀ ni 26391. Tó bá ti dá yín lójú, st_set_crs lẹ máa lò níbí, torí kò ní orúkọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún lon (dìgírì ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn) àti lat (dìgírì àríwá sí gúúsù). Nínú sf, lon ló ń ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá gbé ti Ìbàdàn yí po, inú òkun ló máa bọ́ sí, kíá lẹ máa mọ̀. Ti Abuja ló burú, torí tẹ́ ẹ bá yí 9.06 àti 7.49 po, ìtòsí Gboko ní Benue ló máa já sí, orí ilẹ̀ Nàìjíríà náà ni, ojú ò sì ní tètè rí i.

Tẹ́ ẹ bá rí kóòdù àtijọ́ tó ń pe rgdal, àkójọ irinṣẹ́ máàpù mìíràn nínú R, ẹ fi í sílẹ̀, wọ́n ti dá a dúró láti October 2023. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ ọ̀nà tí R lè gbà kúrò ní Minna bọ́ sí WGS84, ẹ tẹ sf_proj_pipelines("EPSG:26331", "EPSG:4326"), ọ̀nà náà ju ẹyọ kan lọ, ó sì máa fi bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe péye tó hàn yín.

Lẹ́yìn náà ẹ fi st_write(gps, "ile.kml") gbé e jáde, ẹ ṣí i nínú Google Earth, kẹ́ ẹ wo òrùlé tàbí títì tẹ́ ẹ mọ̀ nítòsí ilẹ̀ náà bóyá pílà bá a mu, kó tó di pé ẹ fún ẹnikẹ́ni ní máàpù yẹn.