Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń ka ìbò Ìbàdàn

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́, olúkúlùkù ní Ìbàdàn ló máa ń mọ ibi tí ìlú yóò tẹ̀ka sí. Wọ́n á sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n á sọ ọ́ ní Dùgbẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn, wọ́n á tún gbé e sórí WhatsApp àdúgbò. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí pé irú àsọtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn olóṣèlú ń gbọ́ kí wọ́n tó pinnu àdúgbò tí wọ́n á da ọ̀dà sí títì rẹ̀ àti èyí tí wọ́n á pa tì.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo àṣìṣe náà ni kí a fi ìdìbò kan ṣoṣo sọ ìlú di ti ẹgbẹ́ kan. Ẹ wo ọdún 2023. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, nínú ìdìbò ààrẹ, Bọ́lá Tinúbú ti APC rí ìbò 449,884 ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Atiku Abubakar ti PDP sì rí 182,977. Ọjọ́ yẹn náà ni APC kó ipò sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní Ọ̀yọ́ ti di ti APC pátápátá. Ṣùgbọ́n nínú ìdìbò gómìnà ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, Ṣèyí Mákíndé ti PDP rí 563,756, Teslim Fọlárìn ti APC sì rí 256,685. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín wọn. Kò sóhun tó rú àwọn olùdìbò lójú níbẹ̀. Mákíndé fúnra rẹ̀ àti gómìnà PDP mẹ́rin mìíràn ló ń sọ nígbà náà pé kí ipò ààrẹ wá sí gúúsù. Lójú tèmi, àwọn èèyàn gbé ipò kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì ṣe ohun tó tọ́.

Ẹ má sì gba àwọn iye tí mo kọ yẹn bí ìbò Ìbàdàn. Ti gbogbo ìpínlẹ̀ ni. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní Ọ̀yọ́, 11 nínú wọn ni ti Ìbàdàn. Níwọ̀n ìgbà tí Mákíndé ti borí ní 31, bí méjì tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ ti Ìbàdàn, mẹ́sàn-án ṣì kù sí i lọ́wọ́ níhìn-ín. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni ká máa ṣe.

Àwọn míì kì í ka ju ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún tó wà láàárín ìgboro lọ. Wọ́n gbàgbé Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Làgelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́lé sí báyìí, láti Mọ́níyà títí dé Apẹ̀tẹ̀. Ìdó àti márùn-ún ìgboro wà ní ẹkùn sẹ́nétọ̀ Gúúsù Ọ̀yọ́ pẹ̀lú Ìbàràpá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Márùn-ún tó kù wà ní Àárín Gbùngbùn Ọ̀yọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní “sẹ́nétọ̀ Ìbàdàn” kò tíì sọ ẹni tó ní lọ́kàn.

Ẹ má ṣe rò pé nítorí Awólọ́wọ̀ ṣèjọba Ìwọ̀-Oòrùn láti Ìbàdàn, ìlú náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Adégòkè Adélabù, tí wọ́n ń pè ní Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, àti ẹgbẹ́ Mábọ̀lájẹ́ tó bá NCNC, ẹgbẹ́ alátakò Awólọ́wọ̀, ṣe ni ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ìlú tẹ̀lé, títí ọkọ̀ fi pa á ní oṣù Kẹta ọdún 1958. Ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé kò tó láti fi borí. Adébáyọ̀ Adélabù, ọmọ ọmọ rẹ̀, díje fún ipò gómìnà lábẹ́ APC ní 2019, Mákíndé sì fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ àmàlà, pé oúnjẹ ni wọ́n fi ń ra ìbò wa. Lóòótọ́, Làmídì Adédibú, àgbà olóṣèlú Ìbàdàn, bọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní Mọ̀lété títí ó fi kú ní 2008, lóòótọ́ náà ni wọ́n ń pín owó nídìí àpótí ìbò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ikùn nìkan ni ará Ìbàdàn fi ń dìbò, kó sọ fún wa bí Abíọ́lá Ajímọ̀bi, tó wà lórí àga gómìnà, ṣe pàdánù ipò sẹ́nétọ̀ Gúúsù Ọ̀yọ́ sọ́wọ́ Kọ́lá Balógun ti PDP ní oṣù Kejì ọdún 2019. Tó bá jẹ́ pé owó nìkan ni, ta ló tún ní ju gómìnà lọ? Ìyá tó gba ìrẹsì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan lè wọ ibi ìdìbò kó tẹ̀ka fún òmíràn, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Èrò tó bá wá sí ìpolongo ìbò kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó wá láti àdúgbò mìíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àdúgbò yín ṣe gan-an, ẹ lọ sórí ìkànnì tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, ń gbé èsì sí, kí ẹ wo fọ́ọ̀mù EC8A, ìwé èsì ìbò, ti ibùdó ìdìbò yín. Ẹ wo iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ fi wé iye àwọn tó jáde wá dìbò, kí ẹ tó wo ẹgbẹ́ tó borí.