Ìwà kan lọ́sẹ̀ kan

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará wa ní Kàbà. Nínú ìtàn ìgbésí ayé tí Benjamin Franklin, olóṣèlú ará Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó ní òun kọ ìwà rere 13 sínú ìwé kékeré kan. Ọ̀kan ló ń gbájú mọ́ lọ́sẹ̀. Ibi tó bá ti kùnà, á fi àmì dúdú sí i. Nínú àwọn ìwà náà, ìṣètò, ìyẹn fífi nǹkan sí àyè rẹ̀, ló dà á láàmú jù.

Nínú wọn, èmi mú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, torí mo máa ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ. Àmì mẹ́fà lọ́jọ́ Mọ́ńdè nìkan! Ó dùn mí wọra. Mi ò kúrò níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ti di méjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Alaalẹ́ ni kẹ́ ẹ máa sàmì, kẹ́ ẹ sì fi òwú so bírò mọ́ ìwé náà.