Bí Mo Ṣe Ṣe Lébẹ́ẹ̀lì Ọmọ Kajú fún Iṣẹ́ Sítúdíò Mi

Ní ọdún tó kẹ́yìn ẹ̀kọ́ wa ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà, àwọn olùkọ́ kì í yan ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò yà fún un mọ́. Wọn yóò fún un ní ìwé iṣẹ́ olójú kan, wọn yóò ní kí ó wá ọjà kan, kí ó sì ṣe ìdì tàbí lébẹ́ẹ̀lì fún un, láti orí àwòrán àkọ́kọ́ tí a fi pẹ́ńsù yà títí dé èyí tí ilé ìtẹ̀wé gé jáde. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi yan ọṣẹ, ìpara àti omi èso tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́kàn ara wọn, nítorí pé ọjà tí kò sí kì í bá ayàwòrán jiyàn. Èmi yan ọmọ kajú yíyan tí àwọn ìyá kan ní agbègbè Ìjùmú ń dì sínú ike, tí wọ́n sì ń kó lọ sí gáréèjì Kábà láti tà fún èrò ọkọ̀.

Ẹni tó bá mọ ìwọ̀ oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí mọ̀ pé igi kajú kò wọ́n láti Kábà títí dé Mọ̀pà àti Ìsánlú. Láti nǹkan bí oṣù Èrèlé títí di oṣù Èbìbí ni èso rẹ̀ máa ń gbó, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ a sì ta ọmọ rẹ̀ tèèpo tèèpo, láìyan án, fún àwọn oníṣòwò tó ń kó o lọ sí òkè òkun. Àwọn tó ń yan án nílé kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ náà le, epo kan sì wà nínú èèpo kajú tó máa ń jó ènìyàn lára. Mo jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń fọ́ ọ. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi epo pupa pa ọwọ́ wọn méjèèjì kí wọ́n tó mú òkúta. Wọ́n gbé ọmọ kajú dúró lórí òkúta pẹlẹbẹ, wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ibi tó ti tẹ̀ bí akọ́rọ́, èèpo dúdú náà là sí méjì, ọmọ inú rẹ̀ sì jáde ní odidi. Èyí tó bá fọ́, wọ́n a jù ú sínú igbá ọ̀tọ̀, nítorí pé kì í wọ inú ike tí wọ́n ń tà fún arìnrìn-àjò. Láti ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé lébẹ́ẹ̀lì mi kò gbọ́dọ̀ bo ike náà tán. Odidi ọmọ tí kò fọ́ ni wọ́n ń tà, ó sì yẹ kí olùrà rí i.

Kí n tó fa ìlà kankan, mo lọ dúró sí gáréèjì, níbi tí ọkọ̀ Lọ́kọ́jà, Òkènè àti Ìlọrin ti ń gbé èrò. Akiri ọjà náà yóò na ike sókè sí ojú fèrèsé, awakọ̀ ti ń tẹ ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yóò sì ti ìjókòó kejì tàbí ìkẹta wò ó láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ìbéèrè wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra: wọ́n fẹ́ mọ ohun tó jẹ́, wọ́n fẹ́ mọ bóyá iyọ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ iye rẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó bi akiri ní ìtàn ọjà náà. Nígbà tí mo padà sí sítúdíò, ohun tí mo kọ sí òkè ìwé mi ni pé orúkọ ọjà àti ọ̀rọ̀ iyọ̀ gbọ́dọ̀ hàn láti inú ọkọ̀, gbogbo nǹkan yòókù sì lè dúró de ìgbà tí ike bá dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Gbogbo ìpinnu tí mo ṣe lẹ́yìn náà, orí èyí ni mo gbé e lé.

Ike náà jẹ́ roboto, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6.5. Bí a bá fi okùn yí i ká, okùn náà yóò tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20.4, nítorí náà ni mo ṣe fún lébẹ́ẹ̀lì ní 21 ní gígùn, kí etí kan lè gun èkejì kí ó sì lẹ̀ mọ́ ọn. Lórí kọ̀ǹpútà, lébẹ́ẹ̀lì náà máa ń nà gbọọrọ lójú ayàwòrán, a ó sì máa to nǹkan sí i láti òsì dé ọ̀tún bí ẹni tó ń ya pátákó ìpolówó. Ṣùgbọ́n lára ike, ibi tí ojú lè kà dáadáa lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti ń yí lọ sẹ́yìn. Mo pín gígùn náà sí ọ̀nà mẹ́ta, sẹ̀ǹtímítà méje méje. Apá kan jẹ́ iwájú, èkejì wà fún ohun tí òfin béèrè, ìkẹta sì wà fún ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá náà fẹ́ bá olùrà sọ.

Apá ti òfin kò gba ọgbọ́n tó pọ̀, sùúrù ló gbà. NAFDAC ń béèrè orúkọ ọjà, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, àwọn èròjà inú rẹ̀ bí wọ́n ṣe pọ̀ jura wọn lọ, ìwọ̀n rẹ̀, nọ́ńbà ìṣọ̀wọ́ (èyí tó ń fi àwọn tí a ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà hàn), ọjọ́ tí a ṣe é, ọjọ́ tí àsìkò rẹ̀ yóò parí, àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Àwọn ìyá náà kò tíì forúkọ sílẹ̀, nítorí náà òdo ni mo fi dí àyè nọ́ńbà náà nínú iṣẹ́ ilé ìwé. Mo tún fi àyè sílẹ̀ fún àmì onílà tí ẹ̀rọ ń kà ní ilé ìtajà ńlá, èyí tí nọ́ńbà ti Nàìjíríà máa ń fi 615 bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ gan-an jẹ́ mìlímítà 37.29 ní ìbú àti 25.93 ní gíga, a sì lè dín in kù dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo dá a dùbúlẹ̀, kí àwọn ìlà rẹ̀ lè wà bí àtẹ̀gùn lára ike, nítorí pé bí wọ́n bá dúró, èyí tó wà ní etí méjèèjì yóò yí sẹ́yìn kúrò lójú ẹ̀rọ. Dúdú ni mo sì fi tẹ àwọn ìlà náà. Iná pupa ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà ń lò, ìlà pupa sì dà bí funfun lójú wọn.

Àwòrán iwájú ni mo gbádùn jù. Mo lọ sí oko, mo dúró lábẹ́ igi, mo sì ya èso náà lórí ẹ̀ka rẹ̀. Ọmọ kajú kì í sí nínú èso rẹ̀ bí ti máńgòrò. Ìta ló máa ń wà, ní ìdí èso, tí yóò rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Mo ti rí lébẹ́ẹ̀lì tó dorí èyí kodò, tí ọmọ náà fi jókòó sókè bí fìlà, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó yà á má tíì rí igi kajú rí. Mo yọ gbogbo òjìji àti ìlà kéékèèké kúrò nínú tèmi, títí tó fi ku ìrísí méjì péré: èso náà àti ọmọ rẹ̀, tí a fi àlàfo tín-ínrín pín wọn níyà.

Ní ọjọ́ tí a gbé iṣẹ́ kọ́ ògiri fún àyẹ̀wò, ẹlẹgbẹ́ mi kan dábàá pé kí n fi ọnà ara aṣọ ìpò, aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ará Bùnú, yí etí lébẹ́ẹ̀lì náà ká, kí ẹni tó bá rí i lè mọ̀ pé láti ilẹ̀ Ọ̀kun, ilẹ̀ àwa Yorùbá Kogí, ni ọjà náà ti wá. Àbá náà dára lójú, aṣọ náà sì rẹwà gan-an, ṣùgbọ́n mo ti bi ìyá àgbà mi léèrè nípa rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Aṣọ tí a fi ń sin olóyè, ṣé oúnjẹ ni ẹ fẹ́ fi dì?” Mo sọ èyí fún kíláàsì, ọ̀gá tó ń darí wa sì ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé irú àṣìlò yìí wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ wa ju bí a ti ń gbà lọ: a ń wá ohun ìbílẹ̀ nínú ìwé àwòrán, a kì í sì bi àwọn tó ni ín pé níbo ni wọ́n ń lò ó.

Lẹ́tà ló gba agbára mi jù lọ. Àwọn ìyá náà fẹ́ kí “Ọ̀kún o” wà níwájú, nítorí pé ìkíni wa nìyẹn láti Kábà dé Yàgbà, ẹni tó bá sì ń kọjá lọ yóò mọ̀ pé a kí òun. Lábẹ́ rẹ̀ ni “Ọmọ Kajú Yíyan” yóò wà. Ó dàbí ohun kékeré títí mo fi tẹ̀ ẹ́ sínú CorelDRAW, ètò tí a fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà bí ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà gbogbo èdè mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mú ọ, kí ó sì gbé àmì ohùn lé e lórí. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, kò bá ti fi ibi tí àmì náà yóò dúró hàn án, àmì náà yóò yà sápá ọ̀tún, tàbí kí ó gun orí lẹ́tà, tàbí kí àpótí kékeré òfìfo yọ dípò rẹ̀. Mo kó fọ́ǹtì jọ, mo sì fi “Ọ̀KÚN O” dán wọn wò, nítorí pé lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ gbé àmì sórí, ó sì gbé òmíràn sí ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rẹwà lójú ló kùnà níbẹ̀. Nínú àwọn tó yege, mo mú Noto Sans tó nípọn fún iwájú àti Andika fún ọ̀rọ̀ kéékèèké. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Àwọn kan ní kí n yọ àmì náà kúrò, pé yóò mọ́ lójú jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní mọ ohun tí mo kọ. Kò sí ẹni tó dábàá pé kí n yọ kọ́mà kúrò nínú Gẹ̀ẹ́sì apá kejì kí òun náà lè mọ́ lójú. Àmì ìsàlẹ̀ ti wà nínú ìwé Yorùbá láti ayé Ajayi Crowther ní sẹ́ńtúrì 19, nígbà tí ìtẹ̀wé le ju ti ìsinsìnyí lọ fíìfíì. Dípò kí n yọ ọ́, mo sọ ọ́ di nǹkan tí a lè rí: ìwọ̀n ẹsẹ̀ lẹ́tà náà gan-an ni mo fi ṣe ìbú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì jókòó bí ẹni pé a bí i mọ́ ọn. Mo la àlàfo àárín ìlà sí i, nítorí pé àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè ń kọlu àmì ohùn ìlà tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ Yorùbá apá kẹta sì tóbi díẹ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì apá kejì lọ, kí tàdáwà má baà dí àmì rẹ̀ pa.

Ní ti àwọ̀, ọsàn-rúsúrúsú èso kajú ni mo lò fún ọjà oníyọ̀, mo sì lo àwọ̀ ewé fún èyí tí kò ní iyọ̀, kí akiri náà lè na èyí tí wọ́n béèrè láìka nǹkan kan. Àwọ̀ ọsàn tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà kì í tàn bẹ́ẹ̀ lórí bébà, nítorí pé iná ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe tirẹ̀, ilé ìtẹ̀wé sì ń po tàdáwà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní CMYK. Mo yí i padà sí CMYK láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì fi dúdú nìkan ṣe gbogbo lẹ́tà kéékèèké, kí wọ́n má baà rí bàìbàì bí àwọ̀ kan bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí n tó gbé fáìlì náà lọ sí Lọ́kọ́jà, ní ọ̀nà Ọbájànà tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, mo sọ gbogbo lẹ́tà di àwòrán, kí kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé má lè fi fọ́ǹtì tirẹ̀ rọ́pò tèmi.

Ẹni tó ń tẹ̀wé fún wa ló jẹ́ kí n rí ohun tí sítúdíò kò kọ́ mi. Bébà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lò jẹ́ íǹṣì 13 sí 19. Gíga lébẹ́ẹ̀lì mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ nígbà náà, bí a bá sì fi mìlímítà mẹ́ta kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún abẹ tó ń gé e, mẹ́fà péré ni bébà kan lè gbà bí gbogbo wọn bá kọjú sí ọ̀nà kan náà. Ó ní bí mo bá lè dín in kù sí sẹ̀ǹtímítà méje, mẹ́jọ ni yóò gbà lórí bébà kan náà ní iye owó kan náà. Mo dín in kù lójú ẹsẹ̀. Ọmọ kajú tún hàn sí i nínú ike, èyí tí mo ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀.

Níwájú àwọn olùyẹ̀wò, mo to àwọn ike sórí tábìlì, mo sì bẹ ọ̀kan nínú wọn kí wọ́n lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà kí wọ́n ka ohun tí mo gbé sókè. Wọ́n kà á tàmì tàmì. Ìbéèrè tó le jù wá láti ọ̀dọ̀ olùyẹ̀wò tó ti òde wá, tí wọ́n béèrè ibi tí àwọn ìyá náà yóò kọ ọjọ́ sí, níwọ̀n bí bébà dídán tí mo lò kò ti ní gba bírò. Àwọn ìyá náà fúnra wọn ti béèrè rẹ̀, mo sì ti ní ìdáhùn. Bí a bá to lébẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ sórí bébà náà, àyè tín-ínrín kan ń ṣẹ́kù ní etí rẹ̀ tó fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ. Ibẹ̀ ni mo tẹ àwọn òbìrí funfun kéékèèké sí, tí wọn yóò fi gègé aláìparẹ́ kọ ọjọ́ sí lára, tí wọn yóò sì lẹ̀ mọ́ ìdérí ike. Ilé ìtẹ̀wé kò gba kọ́bọ̀ kankan kún owó wa nítorí rẹ̀.