Afẹ́fẹ́ Nígbà Tí Dróònù Afínkòkòrò Bá Ń Gbéra: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Oríire, Sùúrùlérè, Ògo-Olúwa àti ẹ̀bá Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹ bá fẹ́ háyà dróònù láti fín oògùn sí oko àgbàdo tàbí oko kajú, ìgbà tó bá ń gbéra nílẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Dróònù tí táǹkì rẹ̀ gba lítà 10 ti ru ẹrù kílò 10 kó tó kúrò nílẹ̀. Bó bá ṣe ń fín in ni ara rẹ̀ ń fúyẹ́, nítorí náà ìgbà tó ń gbéra gan-an ni agbára tó kù fún un láti bá afẹ́fẹ́ jà kéré jù, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì wà nítòsí èèyàn.

Bàálù tí awakọ̀ ń jókòó sínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń fín oògùn sí àwọn ẹyẹ tí ń jẹ ọkà ní ìhà Àríwá, ń bá wàhálà kan náà pàdé. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn fẹ́ ẹ, tí eré afẹ́fẹ́ náà sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá eré tí bàálù fi ń gbéra, ilẹ̀ tí yóò sá kó tó gòkè yóò fi bí ìdá kan nínú márùn-ún gùn sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dojú rẹ̀ kọ afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ṣe ẹnu ńlá sábẹ́ táǹkì rẹ̀, kí awakọ̀ lè da gbogbo oògùn nù kíá bí bàálù bá kọ̀ tí kò gòkè.

Ibi tí yóò ti gbéra

Oòrùn máa ń jẹ́ ká fẹ́ kí dróònù gbéra lábẹ́ ìbòòji kajú tàbí máńgòrò. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Lẹ́yìn igi, afẹ́fẹ́ a rọ̀ nílẹ̀, dróònù a dúró dáadáa. Bó bá ga dé orí igi, afẹ́fẹ́ tí igi ti ń dí a kọlù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ tó ré orí igi kọjá a sì máa dàrú kiri títí dé ibi tó lè jìnnà ní ìlọ́po mẹ́wàá gíga igi náà. Igi tó ga ní mítà 8 lè da afẹ́fẹ́ rú dé mítà 80. Ògiri ilé àti àpáta ńlá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbangba tó tẹ́jú, ẹ gé koríko ibẹ̀, ẹ wọ́n omi bí eruku bá pọ̀.

Ẹ ri ọ̀pá gígùn sílẹ̀, ẹ so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ orí rẹ̀. Ibi tí aṣọ bá ń fẹ́ sí ni oògùn yóò gbà. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni kí ẹ dúró sí, ó kéré tán mítà 15 sí dróònù, kí imú rẹ̀ sì dojú kọ afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá tì í, kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ni yóò wá.

Bí a ṣe ń fi ojú wọn afẹ́fẹ́

Bí ẹ bá mọ afẹ́fẹ́ lára lójú, tí ewé ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, eré rẹ̀ wà láàárín kìlómítà 6 sí 11 ní wákàtí kan. Èyí dára. Bí ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bá ń mì láìdáwọ́ dúró, ó ti wọ 12 sí 19. Ẹ má fín oògùn apakoríko rárá. Bí eruku àti bébà bá ti ń fò, ó ti tó 20. Kí dróònù tí táǹkì rẹ̀ kún má kúrò nílẹ̀.

Kí afẹ́fẹ́ má sí rárá náà kò dára. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, bí èéfín ààrò bá gòkè díẹ̀ tó wá tẹ́ lọ gbalaja, oògùn náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀, yóò sì rìn lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ẹ jẹ́ kí oòrùn mú ilẹ̀ gbóná díẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sán: lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ààjà lè dìde lójijì nínú oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ro, kó gbé dróònù lulẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìjì tó ń ṣáájú òjò, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní ìparí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò wa sábà máa ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ṣùgbọ́n ìjì yìí máa ń ti ìlà-oòrùn já. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ibi tó dára láti dúró sí yóò di ibi tí oògùn ń fẹ́ sí. Bí ìlà-oòrùn bá ṣú, tí afẹ́fẹ́ tútù sì ṣàdéédé fẹ́, kí dróònù má gbéra mọ́; bó bá wà lókè, kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má sọ pé poro mélòó kan péré ló kù.

Owó ti jáde, oògùn ti wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ padà sílé lásán. Bí a ṣe ń ti atukọ̀ dróònù sínú ewu nìyẹn. Kí ẹ ti ṣe àdéhùn tẹ́lẹ̀ pé bí afẹ́fẹ́ kò bá gbà, iṣẹ́ di ọjọ́ mìíràn, owó kò sì ní lé sí i. Ẹ má po oògùn títí ẹ ó fi yẹ afẹ́fẹ́ wò. Ẹ tún béèrè ìwé àṣẹ atukọ̀ náà láti ọ̀dọ̀ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, àti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn lórí Ààbò Orílẹ̀-èdè. Gbogbo ìgbà tí dróònù bá sọ̀ kalẹ̀ wá bu oògùn tàbí pààrọ̀ bátìrì, ẹ tún wo aṣọ orí ọ̀pá kó tó gbéra.

Fún ará ilé

Ẹ̀yin ìyá wa tí ń sá láfún àti èlùbọ́ sórí àpáta tàbí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ̀tọ́ yín ni kí wọ́n sọ fún yín ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ kó o wọlé, ẹ dé kànga, ẹ ká aṣọ lórí okùn. Kí wọ́n sọ fún ẹni tó ń sin oyin náà. Àwọn ọmọdé a máa sáré tẹ̀lé dróònù. Kí àgbàlagbà kan dúró tì wọ́n, kó má ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Bí oògùn bá kan ẹnikẹ́ni, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Bó bá kó sí i lójú, ẹ máa da omi tó mọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì mu. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ike oògùn náà dání, kí dókítà lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.